Ajá méjì wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú: ta ni kí n fà wọ́n lé lọ́wọ́?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìgbógbó: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ayálégbé kan ní àdúgbò wa kó lọ sí Àbújá, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun tọ́jú abo ajá òun fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Àná ló pè pé òun kò ní lè gbà á mọ́, kí n fi ta ẹni tó bá wù mí lọ́rẹ. Ó ní ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ṣùgbọ́n n kò rí káàdì kankan. Akọ ajá mìíràn tí a kò mọ olówó rẹ̀ tún ń sùn sí ẹnu géètì wa, okùn tó já sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ìpàdé àdúgbò, àwọn kan ní kí á fi májèlé sínú ẹran fún àwọn méjèèjì. Mo ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ mi, síbẹ̀ ọkàn mi kò gba májèlé. Kí ni àwọn ìjọba máa ń ṣe sí irú ajá bẹ́ẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwòsàn Ẹranko, Ẹ̀búté: Ẹ kú ìtọ́jú wọn, mà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yàtọ̀. Abo ní olówó tó mọ ìtàn rẹ̀: ẹ ní kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tó gún un lábẹ́rẹ́, àti bóyá ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ẹ má jẹ́ kí ó fo ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn. Bí kò bá sí káàdì, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko tún un gún. Àtúngún kì í ṣe ajá tí ara rẹ̀ dá ní ibi. Ní ti akọ, okùn tó já fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa wá a. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, nítorí dìgbòlugi lè wà lára ajá fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí àmì tó yọ. Kí alága àdúgbò kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera ẹranko ti ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọmọ Ìkòròdú ní Manchester: Níhìn-ín, òfin ọdún 1990 ló ní kí ìjọba ìbílẹ̀ yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa mú ajá tó ń rìn kiri. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi ń dúró de olówó rẹ̀, ẹni tó bá sì wá gbà á yóò san owó ìtọ́jú. Bí kò bá yọjú, wọ́n lè fi í fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọ́n lè tà á, tàbí kí wọ́n pa á láìjẹ́ kí ó jẹ ìrora, ṣùgbọ́n òfin kọ̀ kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń fi ẹranko ṣe ìwádìí. Ajá tí olówó fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda kò nílò ìdúró yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló sábà ń gbà á. Àdúgbò yín náà lè fún akọ yẹn ní ọjọ́ 7.

Ìyá Aládìyẹ, Sábó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba májèlé láyè. Èyí tí wọ́n dà sí òpópónà wa lọ́dún tó kọjá, adìyẹ mi mẹ́rin ló ṣà á jẹ. Ajá tí wọ́n dà á sílẹ̀ fún kò tilẹ̀ débẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì fi ọ̀kadà wá gba abo yẹn, tí kò béèrè ju bí ó ṣe sanra tó, ẹ má fà á lé e lọ́wọ́.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bi ayálégbé náà: ó jẹ́wọ́ pé abo náà fi eyín ha ọmọ kan lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn!

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwòsàn Ẹranko: Ọjọ́ 10 ni a fi ń ṣọ́ ajá tó bu ènìyàn jẹ. Bí ara abo yìí bá ṣì dá ṣáṣá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dìgbòlugi kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ha ọmọ náà, àmọ́ ẹ sọ fún òbí ọmọ náà, kí wọ́n lè fi tó dókítà létí. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an láìdúró de ọjọ́ 10.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Mo ti ránṣẹ́ sí òbí ọmọ náà. Lọ́la ni abo yóò gba abẹ́rẹ́. Alága ti gbà kí á kéde akọ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ 7, ó sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da májèlé.