Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe Intermediate Algebra kí n tó dé ibi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo nílò ìmọ̀ràn àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá.

Iṣẹ́ CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ni mò ń ṣe níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, òru ni mo sì ń lọ jù. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi láti di RN, nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ. Àwọn ọmọ ti ń dàgbà, bàbá wọn náà sì ti fọwọ́ sí i, ni mo bá forúkọ sílẹ̀ ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí wa. Wọ́n ní kí n ṣe ACCUPLACER, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ kíláàsì ìṣirò tó yẹ kí wọ́n fi èèyàn sí. Nígbà tí èsì jáde, Intermediate Algebra ni wọ́n gbé mi sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó lè ṣe Statistics tí ètò nọ́ọ̀sì wọn ń béèrè.

Mo ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò ní WAEC, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún. Mo ka ètò kíláàsì náà, mo rí radical, rational expression, function, parabola. Ẹ̀rù bà mí.

Ṣé dandan ni kíláàsì yìí, àbí ọ̀nà wà láti wọ Statistics tààrà? Bó bá jẹ́ dandan, ṣé kí n mú ti ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo lè máa ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, àbí kí n lọ máa jókòó sí kíláàsì fún odindi sáà? Olùdámọ̀ràn tó dá mi lóhùn níbẹ̀ ní èyí tó bá wù mí ni kí n mú, ìyẹn ò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ti owó náà ńkọ́? Ṣé Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, á san owó kíláàsì tí kò ní kà fún dìgírì? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Àbúrò yín ní Baltimore

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀nà yìí náà ni mo gbà, RN ni mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n há sínú mẹ́jọ yẹn, wọn kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń sùn lọ́sàn-án, tó tún ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, bí ara rẹ̀ ò bá yá fún ọjọ́ méjì péré, wọ́n ti kọjá orí ìwé kan. Orí tó tẹ̀ lé e sì dúró lórí ìyẹn. Ẹ lọ jókòó níwájú olùkọ́, kí ẹ lè nawọ́ sókè béèrè ohun tí kò yé yín lójú ẹsẹ̀.

Ohun kejì: yàrá ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀fẹ́ ni, owó ilé ìwé yín ti san án. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í débẹ̀ àfi ìgbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la.

Olùkọ́ ìṣirò, Texas

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì máa ń rí àwọn ará ilé wa ní kíláàsì mi. Orúkọ ló máa ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Radical tí ẹ rí yẹn ni surd tí wọ́n kọ́ wa nílé. Exponent ni indices, slope ni gradient, system of equations ni simultaneous equation. Quadratic formula tí wọ́n máa kọ sójú pátákó ni almighty formula tí gbogbo wa há sórí. Ẹ wo 2x² + 7x + 3 = 0. Ẹ sọ 7 di 49 (7 × 7), ẹ yọ 4 × 2 × 3 kúrò, ìyẹn 24, ó ku 25, square root rẹ̀ sì jẹ́ 5. Nítorí náà x jẹ́ (−7 + 5) ÷ 4, tí í ṣe −1/2, tàbí (−7 − 5) ÷ 4, tí í ṣe −3. Ẹ ti ṣe èyí rí, ẹ ó sì tún rántí rẹ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe kó ṣàjèjì díẹ̀ ni function, f(x), nítorí pé níbí wọ́n máa ń gbé e wọ inú gbogbo nǹkan, wọ́n á sì ní kí ẹ ya gíráàfù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí máàkì ti ń dànù. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí (x + 3)², á kọ x² + 9. Kò rí bẹ́ẹ̀, x² + 6x + 9 ni. Ẹlòmíì á rí (x + 6)/6, á fi 6 ìsàlẹ̀ pa 6 òkè, á ní x ló kù. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe ìsọdipúpọ̀ nìkan la lè pa, a kì í pa ohun tí wọ́n rò pọ̀. Rational expression, ìdá tó ní x lókè àti nísàlẹ̀, ló ń ṣubú lu àwọn èèyàn jù, bẹ́ẹ̀ x kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ìdá lásán ni. Ẹni tí 1/3 + 1/4 ṣì ń dà láàmú kò lè yege níbẹ̀. Ìdá àti nọ́ńbà oní-mínọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àtúnkà yín. OpenStax, tó wà ní yunifásítì Rice ní Houston, ní odindi ìwé Intermediate Algebra lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má tíì ra ìwé kankan.

Ìyá Dámi, California

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, kíláàsì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Òfin AB 705 tí wọ́n buwọ́ lù ní 2017 ló fà á: kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ fi dandan lé kíláàsì àtúnṣe, irú èyí tí wọ́n gbé yín sí, fún akẹ́kọ̀ọ́, àfi bí ó bá hàn gbangba pé kò ní lè yege ní kíláàsì tòótọ́. Máàkì ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ń wò dípò ìdánwò. Ní 2022, AB 1705 tún fi kún un. Statistics tààrà ni wọ́n máa fi yín sí, kí wọ́n so kíláàsì ìrànwọ́ mọ́ ọn. Ẹ bi àwọn ti Maryland bóyá wọ́n ní irú rẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò, Texas

Òótọ́ ni. Ní Texas níbí náà, òfin HB 2223 ti 2017 ló gbé irú rẹ̀ wọlé. Corequisite ni orúkọ tí ẹ máa fi béèrè.

Ẹ tún bi wọ́n pé apá wo nínú ACCUPLACER ni wọ́n fi gbé yín sí kíláàsì yìí. Ìṣirò inú rẹ̀ pín sí mẹ́ta: Arithmetic, QAS, tó da áljébrà pọ̀ mọ́ statistics, àti AAF, áljébrà tó le jù. Ìbéèrè 20 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 200 dé 300, wọn kì í sì ka àsìkò mọ́ èèyàn lórí. Ẹni tó bá yára ṣe é nítorí ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òru kò fi ohun tó mọ̀ hàn. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ tún un ṣe, ẹ kàwé, ẹ sùn dáadáa, kí ẹ tó lọ.

Bàbá Ayọ̀, Chicago

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí gbogbo wa máa kọ́ ìyá yìí bí wọ́n ṣe ń fo kíláàsì. Nọ́ọ̀sì ni mí. Bí dókítà bá ní kí omi 1000 mL wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí 8, 125 mL ni wákàtí kan. Bí páìpù yẹn bá ń kán ẹ̀kán 15 fún mL kan, 125 × 15 ÷ 60, ó sún mọ́ ẹ̀kán 31 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Kí ìyá kọ́ ìṣirò wọn kó dúró ṣinṣin.

Àbúrò yín ní Baltimore

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ẹ̀mí ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsọdipúpọ̀, pínpín àti ìdá ni èyí tí ẹ ṣe yẹn. Kò sí parabola níbẹ̀. Àgbàlagbà tó ní ilé lọ́rùn, bí ẹ bá fi sáà kan kún ọ̀nà rẹ̀ láìnídìí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Kó mọ ìdá rẹ̀ dáadáa, kó sì wọ Statistics.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì owó ìrànwọ́, New Jersey

Ti owó: bí ẹ bá ní green card tàbí ẹ jẹ́ ọmọ ìlú, ẹ lè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Pell Grant tó pọ̀ jù ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024–2025 jẹ́ dọ́là 7,395, owó tó ń wọlé fún yín àti iye kírẹ́díìtì tí ẹ mú ló ń pinnu tiyín. Owó ìjọba àpapọ̀ lè san kíláàsì àtúnṣe tó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ yín, títí dé 30 kírẹ́díìtì. Ṣùgbọ́n Pell ní òpin, bíi sáà kíkún 12 láyé èèyàn, tí kíláàsì àtúnṣe náà sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún W, àmì pé èèyàn kúrò ní kíláàsì láìparí. Bí ẹ bá jáde ní kíláàsì lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún drop (yíyọ orúkọ kúrò ní kíláàsì), kò ní ba GPA yín, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì yín, jẹ́, àmọ́ wọ́n á kà á sí kíláàsì tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò parí. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ohun tí ẹ parí bá rẹlẹ̀ sí bíi 67 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀, owó ìrànwọ́ á wọ inú ewu. Kíkọ ọjọ́ drop sára kàlẹ́ńdà ṣe pàtàkì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò lọ.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Mo ti pè wọ́n lónìí. Wọ́n ní QAS ni wọ́n lò, wọ́n sì gbà kí n tún un ṣe. Statistics tó ní kíláàsì ìrànwọ́ náà wà, Sátidé ni, lójúkojú. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rárá. Ìdá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹnì kan wà tó lè máa wo ohun tí mo bá ṣe?

Olùkọ́ ìṣirò, Texas

Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ yín, gbogbo ìlà tí ẹ kọ, kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Ẹ fi ránṣẹ́ síbí ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, màá wò ó.