Kọ́ọ̀dù jìtá kì í ṣe okùn o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún iṣẹ́ dídá orin yìí, ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan téèyàn jọ ń lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní "okùn orin", ẹ má bínú sí mi, mi ò gbà. Okùn ni wáyà tó wà lára jìtá, mẹ́fà ni, èyí tó bá já la ń lọ ra òmíì. Gẹ̀ẹ́sì ló tàn yín, torí ìró "cord" àti "chord" dọ́gba lẹ́nu wọn. Téèyàn bá tẹ kọ́ọ̀dù G, òótọ́ ni pé okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń dún, àmọ́ ohùn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, G, B àti D, àwọn yòókù kàn ń tún ara wọn pè ni. Ohùn tó jọ ń ró ni, ìdí tí mo fi ní "àjọró" nìyẹn, bí àjọṣe, bí àjọjẹ. Tí ò bá dùn létí yín, ẹ jẹ́ ká kúkú máa sọ kọ́ọ̀dù wa lọ.

Ti "àtinúdá" tí àǹtí wa mú wá fún kéèyàn máa dá ohùn orin lójú ẹsẹ̀, ó dáa, àmọ́ ó ti gbòòrò jù, ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ní àtinúdá. Èmi tí mò ń ṣe é nílé, kọ́ọ̀dù G, C àti D ni mo máa ń yí po, màá wá máa fi ẹnu wá ohùn kiri lórí ẹ̀, na na na, yé yé yé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, títí nǹkan á fi bọ́ sí i. "Àfẹnuwá" ni mo pè é, bí àfọwọ́kọ.

Ibi tó ti ń dùn mí gan-an ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ wọlé. Lọ́jọ́ kan mo rí ohùn kan tó ń gòkè níparí, mo wá ki "ọkọ̀" bọ̀ ọ́, mọ́tò ni mo ní lọ́kàn o, ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín láti kíṣìnnì, ó ní ṣé oko lẹ fẹ́ máa lọ ni, torí "ọkọ́" ló gbọ́! Ohun tó ń ṣe àwọn hímù tí wọ́n túmọ̀ tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, orin ń gòkè. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, tó ṣe àwo orin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, orin ìbílẹ̀ ló gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé "kọ orin" ti tó fún kéèyàn dá orin tuntun sílẹ̀, ẹ dákun, tí mo bá ní èmi ni mo kọ orin yìí, ṣé mo fi ẹnu kọ ọ́ ni àbí mo fi bírò kọ ọ́? Àfẹnuwá ò sì tíì jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ya àwọn méjì yẹn sọ́tọ̀, kó jù ú sílẹ̀, mò ń dúró.