Jẹ́lé-ó-sinmi mi ní Apàkẹ́: ṣé ìwé ọ̀tọ̀ wà fún gbígba ọmọ tó jẹ́ àkàndá?

Ìyá Jẹ́lé Apàkẹ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ní Apàkẹ́, ọmọ méjìdínlógún, èmi àti tíṣà méjì. Ìwé àṣẹ ilé ìwé mi ṣì ń rìn lọ́wọ́ ní mínísírì ètò ẹ̀kọ́, wọ́n ti wá ṣe wolé-wolé wọn, wọ́n wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọ́n wo fẹ́ǹsì wọ́n gba ìwé ẹ̀rí wa wò, wọ́n lọ. Àfi bí ìyá kan ṣe gbé ọmọ ọdún mẹ́ta wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ò lè dá jókòó, kò tíì sọ̀rọ̀, àmọ́ ó mọ èèyàn, ẹ̀rín ló ń rín sí mi. Ẹnu mi ò gbà láti sọ pé rárá, ẹ̀rù sì ń bà mí láti ní kó mú un wá. Ṣé ìwé mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ gbà? Ẹnì kan ní kí n sanwó akirẹdítéṣọ̀n kan, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ilé ìwé dáa, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé sátífíkéètì á jáde lọ́jọ́ kẹta.

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Ọjọ́ kẹta kẹ̀, bíi ti aṣọ tí wọ́n fún télọ̀! Màmá ẹ jẹ́ kí owó yín jókòó sápò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì special ti ìjọba àpapọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ńbí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ọdún 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn tíṣà tó ń kọ́ àkàndá. Ìwé mínísírì yẹn, àṣẹ kẹ́ ẹ ṣílé ìwé ni, kò sọ pé ibẹ̀ dáa. Òfin àkàndá tí Buhari buwọ́ lù ní 2019 ní kí gbogbo ilé ìwé ìjọba ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn. Lóòótọ́ ilé ìwé ìjọba ló dárúkọ, àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ má ṣe é? Ẹ wá ẹni tó ka special, kódà kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa fi han àwọn tíṣà yín.

Ìyá Ìbejì Sábó:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo bí i sọ̀rọ̀. Kẹ́hìndé mi, dókítà ní cerebral palsy ni, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kó lè darí ara ẹ̀ dáadáa. Ilé ìwé tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, mi ò ní dárúkọ, sátífíkéètì mẹ́rin ló wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn tó ń dán gbinrin. Mo gbàgbé oògùn ẹ̀ lọ́jọ́ kan ni mo bá yà débẹ̀ lọ́sàn-án láìpè wọ́n, orí ẹní lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo bá a, ìtọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kọrin, òun ń gbọ́. Mo gbé ọmọ mi. Ibi tó wà báyìí, ọ̀dà ti ṣí lára ògiri wọn, àmọ́ tí ò bá jẹun tán wọ́n á pè mí.
Màmá Apàkẹ́, ẹ bi ìyá ọmọ yẹn: báwo ló ṣe ń jẹun, ṣé oúnjẹ máa ń há a lọ́fun, kí ló máa ń ṣe tó bá fẹ́ ṣu, ibo ló máa ń dùn ún téèyàn bá gbé e? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, kí gbogbo tíṣà kà á.

Ọmọ Takíé ní Melbourne:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ mà. Nọ́sìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà ńbí. Ohun méje ni ìjọba fi ń yẹ̀ wá wò, bá a ṣe ń bá ọmọ lò wà níbẹ̀, bá a ṣe ń bá òbí ṣe pọ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n á jókòó máa wò wá bá a ṣe ń ṣiṣẹ́, wọn á wá sọ ibi tá a dé, a gbọ́dọ̀ lẹ èsì náà síbi tí òbí á ti rí i. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, mẹ́rin péré sí òṣìṣẹ́ kan. Iṣẹ́ ìtọ́jú àkàndá ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o lọ́tọ̀ láti 2018. Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ló dùn ṣá, fọ́ọ̀mù tí mo ń kọ lójúmọ́, ọmọ á ti sùn kí n tó parí ẹ̀.

Ìyá Jẹ́lé Apàkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, mi ò sanwó yẹn mọ́. Ìyá Ìbejì, mo ti da ìbéèrè yín kọ, ìyá ọmọ ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Kápẹ́ńtà ní òun lè kan àga tó ní bẹ́líìtì àti ìfẹ̀yìntì gíga, ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé kó jọ̀ọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tún wà lẹ́nu ọ̀nà mi, èló ni bíríkìlà máa gbà láti fi kọnkéré sọ ọ́ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?