Ọjọ́ Tí Mo Gbọ́ Pé Wọ́n Ti Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Wọ́n Tó Jà Á

Ọmọ Lágere (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ rẹ́sílìn ni mo gbé wá lónìí, kì í ṣe ti ta ló lágbára jù, a ti bá ara wa fa ìyẹn tó. Ohun tí mo fẹ́ ni kí kálukú sọ ọjọ́ tó mọ̀ pé wọ́n ti kọ ẹni tó máa borí sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ojú ìjà, àti bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ màmá àgbà mi ni mo dàgbà sí, lápá Sábó. Ìyá yìí kì í wo fíìmù, ó ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá ti háyà kásẹ́ẹ̀tì rẹ́sílìn wálé báyìí, ìyá á ti wọ́ àpótí sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Undertaker, oníjà tó ń ṣe bí òkú, ni tiẹ̀. Aṣọ dúdú, fìlà dúdú, agogo tó ń dún kanlẹ̀ bí ẹni ń túfọ̀ òkú. Wọ́n á lù ú títí á fi sùn gbalaja. Paul Bearer, ọkùnrin roboto tó máa ń tẹ̀ lé e kiri, á wá gbé ìkòkò kékeré tó ń kọ mànà ọwọ́ rẹ̀ sókè, òkú á sì dìde jókòó wàá! Màmá á figbe ta: "Mo wí fún yín! Àkúdàáyà ni. Ibì kan wà tí wọ́n ti sin ín rí." Ó máa ń bínú sí àwọn tó ń lù ú pé wọn ò gbọ́n, kí wọ́n fi ẹni tó ń jà sílẹ̀, kí wọ́n lọ já ìkòkò gbà. Ẹ sì wò ó, ìtàn tí àwọn tó ń kọ ọ́ ní lọ́kàn gan-an nìyẹn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan, ó yé e ju àwa tí a gbọ́ lọ.

Ní 2003, mọ̀lẹ́bí wa kan tó wà ní yunifásítì wá kí wa. Ó ti lọ ka nǹkan ní káfè. Ó ní Mark Calaway lorúkọ Undertaker, ọmọ Texas ni, 1990 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí òkú. Ó ní Kane, àbúrò rẹ̀ tí iná jó, kì í ṣe ẹbí rẹ̀ níbì kankan. Glenn Jacobs ló ń jẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di dókítà eyín ní 1995, kò tà. Lọ́dún kejì wọ́n gbé orúkọ àti aṣọ ẹlòmíì wọ̀ ọ́, ìyẹn náà ò tà. Oṣù kẹwàá 1997 ni wọ́n tó fi ìbòjú bò ó, tí wọ́n ní iná ló jó o ní kékeré, ayé sì gbà á. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti Paul Bearer. Òun gan-an ló kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú òkú lójú ayé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí! Ẹni tó mọ òkú ni wọ́n ní kó gbé ìkòkò, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n ní kó ṣe òkú.

N ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ọmọ Ifẹ̀, ọmọ ìlú tí Mọ́remí ti tú àṣírí àwọn tó ń fi ìko bora bí ará ọ̀run, ẹnì kan fi aṣọ dúdú mú mi láti kékeré. N ò sọ fún Màmá. Mo ṣì ń padà bọ̀ lórí ti Màmá. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì (Modákẹ́kẹ́):

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ fi Zee World bú wa nílé, pé ìtàn àròsọ là ń sunkún lé lórí. Ẹ má wulẹ̀ wò mí, mo kàn jókòó síbí ni, mò ń kà á.

Ọmọ Pit (Ilé-Ifẹ̀):

Èmi ò bínú o, iṣẹ́ ló dà fún mi. Ẹ̀ka eré oníṣe ni mo ti jáde ní OAU, ibi tí mo sì ti rí màbo nìyẹn.

Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, àwa mélòó kan ní ká ṣe rẹ́sílìn orí ìtàgé, alẹ́ mẹ́ta léra wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Mo kọ áktọ̀ kan, Àyànfẹ́: ọmọlúàbí, aṣọ funfun, á kí àwọn èèyàn, á rẹ́rìn-ín, á gbàdúrà kó tó jà. Mo kọ bọ́ọ̀sì kan, ìkà tó máa bá a jà, Lánlọ́ọ̀dù: ó gbé àgádágodo ńlá kọ́rùn, á máa ti yàrá akẹ́kọ̀ọ́ pa. Mo ní lọ́kàn ara mi pé kò sí ọmọ kámpọ́ọ̀sì tó máa fẹ́ràn lánlọ́ọ̀dù láyé.

Alẹ́ àkọ́kọ́, Lánlọ́ọ̀dù jáde, ó dúró, ó wo gbogbo èrò láti ọ̀tún dé òsì, ó ní: "Ta ni ò tíì san owó iná níbí?" Mi ò kọ ìyẹn o. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ilé wó lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, tó bá ti gbọn àgádágodo yẹn lásán, wọ́n á máa ké. Nígbà tí Àyànfẹ́ wá jáde tó ń juwọ́, tó ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Lọ jókòó jàre!" Gbogbo wọn bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ yẹn borí ìjà náà bí mo ṣe kọ ọ́, wọ́n sì hó lé e lórí títí ó fi wọlé. Ó ń sunkún lẹ́yìn ìtàgé. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Kò ṣe nǹkan kan, ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo ti kọ pé èèyàn rere ni, n ò kọ ohun tó ń dùn ún, n ò kọ ohun tó ń wá kiri tó fi gbà kí wọ́n máa lù ú. Ó kàn dára ṣáá ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lọ wá ìtàn The Rock, oníjà rẹ́sílìn, kà dáadáa. Ní oṣù kọkànlá 1996 ni wọ́n gbé e jáde ní Madison Square Garden. Rocky Maivia ni wọ́n pè é, wọ́n mú Rocky lára orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n mú Maivia lára ti bàbá ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín ṣáá, ọpẹ́ ṣáá. Kò pé oṣù mẹ́ta wọ́n ti fún un ní bẹ́líìtì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kó kú! Ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ó lọ tọ́jú ara, nígbà tó padà dé ní 1997 ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn bọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú yẹn dá àwọn èèyàn lóhùn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń hó lé e lórí ni The Rock ti wá, inú ọ́fíìsì kọ́.

Èmi náà padà sílé lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo jẹ́ kí Lánlọ́ọ̀dù kó ẹrù Àyànfẹ́ síta nínú òjò. N ò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín mọ́, n ò jẹ́ kó gbàdúrà. N ò sì jẹ́ kó borí. Wọ́n lù ú títí, ó kọ̀, kò juwọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ní kó lọ jókòó yẹn náà ló dìde fún un? Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi o. Bret Hart àti Steve Austin ni mo jí i lọ́wọ́ wọn, ìjà WrestleMania, àjọ̀dún rẹ́sílìn tó tóbi jù, ti 1997. Austin wọlé bíi bọ́ọ̀sì, Bret wọlé bí áktọ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo Austin lójú, kò sọ pé ó tó, ó dákú sínú ìdè tí Bret fi dè é, Bret sì tún ń lù ú lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Kí wọ́n tó jáde, ìwà ti pààrọ̀ ọwọ́.

Àwọn tó ń bi mí bóyá gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń kọ, rárá o. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń jókòó kọ ìtàn, ta ló ń bá ta jà, kí ló fà á, báwo ló ṣe máa parí. Àwọn tó ti jà rí, tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń bá àwọn méjèèjì to ìjà náà. Ìyókù, wọ́n á máa sọ ọ́ sétí ara wọn nínú ìjà. Rẹfirí tí ẹ rí yẹn ní nǹkan létí, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé àsìkò ti ń lọ, kí wọ́n parí ẹ̀. Ìwé náà kì í sì gbẹ. Wọ́n lè yí i padà lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é lálẹ́.

Ọmọ Ọwá (Iléṣà):

Tèmi ò gùn. Nínú eré Àjíǹde ní ìjọ wa, Júdásì ni wọ́n fún mi. Mo ṣe é dénú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá alákàrà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: "Ọgbọ̀n owó fàdákà yẹn, o ò tíì ná an tán ni?" Ó rẹ́rìn-ín o, àmọ́ kò fi èènì sí i. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ ìdí tí àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ kì í fi í jẹun pẹ̀lú áktọ̀ ní gbangba. Ní 1987, ọlọ́pàá dá Iron Sheik àti Jim Duggan dúró ní New Jersey, wọ́n bá oògùn tí òfin kọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó di ariwo ni pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, àwọn tó ń para wọn lórí tẹlifíṣọ̀n! Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, WWF, ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn tí wọ́n ń pè ní WWE báyìí, fúnra rẹ̀ lọ sọ fún ìjọba New Jersey pé eré ìnàjú ni, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí àti àṣẹ àwọn tó ń ṣàkóso ìjà. Ọmọ Òṣómàálò ni mí, ìyẹn yé mi kíá.

Agẹrun Ẹrẹ́jà (Iléṣà):

Èmi ti mọ̀ tipẹ́ pé wọ́n ń kọ ọ́, àmọ́ 2021 ni mo bínú sí ẹni tó ń kọ ọ́.

Gbogbo ìjókòó ṣọ́ọ̀bù mi ló kún. Apollo Crews, oníjà tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà láti ọjọ́ yìí wá, ṣàdéédé ń fọ̀ ọ́ bí ọba inú fíìmù, ó gbé ọ̀kọ̀ dání, ó ní ẹ̀jẹ̀ ọba Nàìjíríà lòun. Oníbàárà kan ní, "Ọba ìlú wo?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Sesugh Uhaa lorúkọ ọmọ náà lóòótọ́, ọmọ Tiv, California ni wọ́n bí i sí. Tí wọ́n bá ní kó wá bí Tiv, a ò bá gbà. Wọ́n kan lọ da Nàìjíríà pọ̀ bí àdàlú.

Wọ́n wá gbé e ko Big E ní WrestleMania 37 ní Tampa, wọ́n ní ìjà ìlù Nàìjíríà ni. Wọ́n to ìlù yí ojú ìjà ká. Bàbá onílù kan tí mò ń fá irùngbọ̀n fún ní kí n dúró ná, ó na ọrùn wò ó, ó ní, "Kí ni ìlù yìí ń wí?" Lẹ́yìn náà ni òmìrán kan jáde, Commander Azeez, ó da Big E dùbúlẹ̀, Apollo gba bẹ́líìtì.

Ẹ wá gbọ́ o. Babatunde Aiyegbusi lorúkọ Azeez yẹn! Poland ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Dabba-Kato, wọ́n tún sọ ọ́ di Azeez. Babátúndé ló bá wọn wá látilé, bàbá tó lọ tó tún padà dé, wọ́n sì ní àkúdàáyà kan tó ti pa owó fún wọn láti 1990. Ìtàn wo ni wọ́n tún ń wá?

Ọmọ Pit (Ilé-Ifẹ̀):

Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wo Omos, Tolulope Omogbehin, ọmọ Èkó. Orúkọ ilé rẹ̀ ni wọ́n gé kúrú, wọ́n fi í dúró sẹ́yìn AJ Styles, oníjà míì, wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gíga yẹn ń sọ tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Lágere (Ilé-Ifẹ̀):

Mo ní mò ń padà bọ̀. Ní 2014, Brock Lesnar na Undertaker ní WrestleMania, lẹ́yìn tí Undertaker ti borí níbẹ̀ nígbà mọ́kànlélógún láìṣubú. Mo gbé fóònù lọ fi han Màmá, mo ní ó yá kí n kúkú sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé èèyàn ni, pé wọ́n ń kọ ọ́ ni, pé mo ti mọ̀ láti 2003.

Màmá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé n ò mọ̀? Ṣé n ò mọ ẹni tó wà lábẹ́ eégún ilé wa ni? Bóbìnrin mọ awo, kò gbọdọ̀ wí." Ó tún fóònù náà wò. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ èyí kò gbọ́n. Àkúdàáyà kì í ṣubú bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé ló máa ń rí i, á pòórá, wọ́n á bá aṣọ rẹ̀ nílẹ̀."

Ní oṣù kẹrin 2017, lẹ́yìn tí Roman Reigns nà án, Undertaker nìkan padà dúró láàárín ojú ìjà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ fìlà, ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó rìn lọ, ilẹ̀ sì gbé e mì. Ó tún padà wá jà lẹ́yìn náà, àmọ́ n ò sọ ìyẹn fún Màmá.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Hẹn-ẹ́n. Ẹnì kan ti sọ fún wọn."