Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí búlúbẹ́rì inú igbó, nítorí bàbá wa

ÌyáDámilọ́lá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bangor ní ìpínlẹ̀ Maine là ń gbé. Bàbá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ti ń gbàgbé ibi tí wọ́n bá fi nǹkan sí. Ará àdúgbò wa kan ní kí n máa fún wọn ní búlúbẹ́rì inú igbó, èyí tí èso rẹ̀ kéré, tó dúdú bí aró. Èwo ni kí n rà? Ṣé mo lè gbìn ín sẹ́yìnkùlé? Ṣé lóòótọ́ ló ń ran ọpọlọ lọ́wọ́, àbí àwọn tó ń tà á ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Àgbẹ̀Machias
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ní Washington County tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oko, a kì í gbin búlúbẹ́rì inú igbó. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá oko. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ tó ń yọ ọ̀mùnú kiri, igi rẹ̀ kì í sì í sábà ga dé orókún. Nínú pápá kan náà, ẹ ó rí èyí tó dúdú kirikiri, ẹ ó rí èyí tó ní àwọ̀ sánmà. Ọ̀kan á dùn, èkejì á kan díẹ̀, torí pé ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìtọ́jú niṣẹ́ tiwa. Lọ́dún kìíní a ó gé e mọ́lẹ̀, tàbí ká dáná sun ún. Kò ní so lọ́dún yẹn, ẹ̀ka tuntun ni yóò máa yọ. Lọ́dún kejì, tí òtútù bá ti lọ, yóò tanná. A ó gbé ilé oyin wá sí pápá, kí oyin lè máa ti orí òdòdó kan bọ́ sórí òmíràn, torí láìsí wọn èso ò ní tó nǹkan. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ìkórè ti dé. Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ oko ń lò báyìí, ṣùgbọ́n níbi tí òkúta bá pọ̀, réèkì eléyín la fi ń kó o.

Dídáná sun pápá yìí, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn Passamaquoddy àti àwọn ìbátan wọn, ló ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé. Passamaquoddy ṣì ní oko búlúbẹ́rì ńlá tiwọn dòní. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń ròyìn èso yìí láìdárúkọ wọn.

Ní ti rírà, ìdí fírísà ni kí ẹ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí a ń kó ní Maine ló ń lọ sínú yìnyín, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ wò ó pé wọ́n kọ "wild" sára àpò.

Nọ́ọ̀sìTóyìn
Ẹ̀gbọ́n, ìwádìí wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 2023, King's College London àti Yunifásítì Reading gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 61, láti ẹni ọdún 65 sí 80. Àwọn kan ń mu gíráàmù 26 ìyẹ̀fun búlúbẹ́rì inú igbó lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, èyí tó tó nǹkan bíi gíráàmù 178 èso tútù. Àwọn yòókù ń mu ìyẹ̀fun tó jọ ọ́ tí kò ní búlúbẹ́rì nínú. Ìrántí àwọn tó mu ún dára díẹ̀ sí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le ni gbogbo wọn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta búlúbẹ́rì inú igbó ló sì náwó sí i. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ̀. Bàbá tiwa ti ń gbàgbé ná. Ẹ gbé wọn lọ bá dókítà kí ẹ tó ronú èso kankan, nítorí ìgbàgbé lè ti ara oògùn tí wọ́n ń lò wá, tàbí àìtó fítámì B12, àwọn méjèèjì sì ṣeé tọ́jú. Wọn ò gbọ́dọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Tí wọ́n bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Mo máa ń ní kí àwọn àgbà dà á sórí ògì gbígbóná, láìfi ṣúgà sí i.

Fẹ́miNewJersey
Mi ò fara mọ́ bí ẹ ṣe fi búlúbẹ́rì tí à ń gbìn sóko, tí igi rẹ̀ ga, sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa níbí ni Elizabeth White, àgbẹ̀ kan, àti Frederick Coville, onímọ̀ ewéko, ti mú un wọ oko. Ní Whitesbog ni wọ́n ti ta ìkórè àkọ́kọ́ lọ́dún 1916. Coville ló fi hàn pé ilẹ̀ tó kan ni igi yìí ń fẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Norwich, ní England, lọ́dún 2019 pẹ̀lú, èyí tí a gbìn ni wọ́n lò: gíráàmù 150 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, ìdajì rẹ̀ ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Dámilọ́lá, èyí tó ń ga yìí ni kí ẹ gbìn sẹ́yìnkùlé. Ẹ ra oríṣi méjì kí wọ́n lè so dáadáa, ẹ má sì da eérú sí i bí a ti ń ṣe sí ewébẹ̀ nílé. Eérú máa ń pa kíkan ilẹ̀.

ÌyáÀdùnníÌbàdàn
Tí bàbá bá padà délé, ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo ń bẹ. Anthocyanin, èròjà tó mú búlúbẹ́rì dúdú, wà nínú òun náà. Yunifásítì Tufts fún èèyàn 65 ní ife mẹ́ta omi ìṣápá lójúmọ́ tàbí omi mìíràn tó jọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó mu ìṣápá wálẹ̀ jù. Àwọn yẹn ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí bàbá tó fi kún tiwọn.

ÌyáDámilọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gba ọjọ́ fún bàbá lọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ ní wọ́n ń dáná sun pápá, ẹ tún ní kí n má da eérú?

Àgbẹ̀Machias
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Iná yẹn ń yára kọjá ni, eérú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀. Garawa eérú nídìí igi kan ni Fẹ́mi ń kìlọ̀ fún. Ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò ní Yunifásítì Maine, Orono, kò jìnnà sí yín. Tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n kíkan ilẹ̀, bá wà láàárín 4.5 sí 5, ẹ lọ ra igi. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, wọn á sọ ìwọ̀n imí ọjọ́ tí ẹ ó pò mọ́ ilẹ̀, ẹ ó sì dúró di ọdún tó ń bọ̀ kí ẹ tó gbìn.