Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ chart ìràwọ̀ kà dáadáa?

Ẹ kú ọjọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí mi sí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ya chart ìbí mi, ìyẹn àwòrán ibi tí Òòrùn, Òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n bí mi, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá rí Òòrùn àti Òṣùpá tí wọ́n kọjú síra ní dìgírì 180, pílánẹ́ẹ̀tì Saturn wà láàárín, dìgírì 90 ló fi jìnnà sí àwọn méjèèjì, wọ́n ní T-square nìyẹn, pé Saturn yẹn gan-an ni kí n kọ́kọ́ wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ascendant, ìyẹn ibi tó ń yọ ní ìlà-oòrùn ọ̀run lásìkò tí wọ́n bí èèyàn, ló ń dà mí láàmú jù, torí màámi ò rántí aago tí wọ́n bí mi, wọ́n ṣáà ní àsìkò ìrun àsùbáà ni, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 4 péré ti tó kó sún ní bíi dìgírì 1. Ṣé kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ aspect nìkan, ìyẹn dìgírì tó wà láàárín wọn bíi 180 àti 90 yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.