Motor ọkọ̀ rìmóòtù mi ń gbóná jù, bátìrì ò sì pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ rìmóòtù kékeré kan ni mo ní, motor kan ló ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí mo bá ti wà á bí ìṣẹ́jú 5 báyìí, motor á ti gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè gbà á, bátìrì á sì ti kú. Mo ti pààrọ̀ motor, bákan náà ló tún ń ṣe. Ṣé kí n ra bátìrì míì ni?

Èsì 1
Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Tí motor tuntun bá tún ń gbóná, á jẹ́ pé ohun tó ń yí ló há. Bí ẹrù tó wà lọ́rùn motor bá ṣe wúwo tó ló ṣe ń fa kọ́rẹ́ǹtì, tí kọ́rẹ́ǹtì bá sì di ìlọ́po 2, ooru inú wáyà ẹ̀ á di ìlọ́po 4, ìdí nìyẹn tó fi ń jó ẹ lọ́wọ́. Yọ motor kúrò lẹ́nu gíà, gbé ọkọ̀ sókè, fọwọ́ yí táyà. Tó bá dúró gbàgà lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Èsì 2
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ mo fẹ́ràn kí n fi mítà tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì (A ni áḿpíà, ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì) wò ó. Kì í sáàárín wáyà bátìrì kan, ihò 10A ni o, kí fíùsì mítà má baà jó. Yọ táyà, wọn motor nìkan, wọn òun àti gíà, kóo wá dá táyà padà kóo tún wọn ọ́n, ibi tí nọ́ńbà bá ti fò ni kóo tú. Tèmi nígbà yẹn, 0.4A, 0.7A, mo dá táyà padà báyìí ló di 1.6A! Nọ́ọ̀tì táyà ni mo ti fún le jù, ó ń fún bẹ́árìn pa, mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ló wálẹ̀ sí 0.8A. Má di táyà mú tó bá ń yí o, motor tí ò lè yí tí iná ṣì ń wọ̀ ọ́ ló ń fa kọ́rẹ́ǹtì jù.

Oníbéèrè
Motor nìkan 0.5A, mo so ó mọ́ gíà, 1.9A! Gíà kékeré ẹnu motor ti wọnú gíà ńlá típẹ́típẹ́.

Èsì 1
Ìyẹn náà nìyẹn. Tú síkúrù motor, fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín gíà méjèèjì, tì wọ́n mọ́ra, fún síkúrù, kóo wá yí bébà yẹn jáde. Gírísì díẹ̀ ló tó fún eyín gíà, má kì í kún bẹ́árìn, òun náà máa ń fà á sẹ́yìn, epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ti bẹ́árìn.

Oníbéèrè
0.8A! Mo tún rí irun tó ti wé mọ́ irin táyà ẹ̀yìn, mo gé e kúrò, ó di 0.7A. Mo ti wà á fún ìṣẹ́jú 11 báyìí, mo ṣì lè fọwọ́ di motor mú. Ẹ ṣé gan-an ni.